Ọmọ Atẹ̀wé àti Dókítà Ẹ̀dọ̀

Ká ní ẹnìkan ti sọ fún Rọ̀kíbátù Ògúntádé pé ẹ̀dọ̀ ni yóò mú ọkọ wá fún un, ẹ̀rín ni ì bá fi onítọ̀hún rín. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé ọkọ tiwọn níbi ìkómọ àti níbi ìsìn. Sabina ọ̀rẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ pàdé tirẹ̀ lórí ìlà kẹrosíìnì. Ṣùgbọ́n orí kálukú ló mọ ọ̀nà tó ń gbà. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Rọ̀kíbátù nígbà náà, ìyá rẹ̀, Alhaja Serifat, sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láràárọ̀ bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tó ti tó ilé ọkọ tí kò tíì lọ.

Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, Alhaji Awwal Ògúntádé, wà ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí ju ẹlẹ́kọ lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999 ni. Àwọn sójà ń palẹ̀ mọ́ láti padà sí bárékè, àwọn olóṣèlú ń wá ìbò, gbogbo máṣíìnì tó wà ní òpópónà náà ló sì ń tẹ ojú olóṣèlú jáde láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Inú irú ariwo bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin gíga kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ti wọlé, ó gbé fáìlì kan tí ó fi báńdéèjì dì sábẹ́ abíyá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, sà," ló wí. "Dókítà Ọmọ́wálé Adéníjì lorúkọ mi. Iṣẹ́ abẹ ni mo ń ṣe, mo sì ń kọ́ àwọn dókítà kéékèèké ní ọsibítù. Ìwé ni mo fẹ́ tẹ̀ fún wọn, lórí iṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀."

Alhaji na ọwọ́ sí àwọn ìdì tákàdá tó ga dé àjà. "Dókítà, ẹ wo iwájú ẹ wẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dìbò tán ná. Ẹ̀dọ̀ lè dúró."

"Ẹ̀dọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n ń dìbò, sà. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń ṣàìsàn ò lè dúró."

Alhaji wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ràn ẹni tó bá mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó pe ọmọ rẹ̀ tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà, torí Rọ̀kíbátù ló ń to ojú ìwé, òun náà ló sì ń ya àwòrán. Ọmọbìnrin náà tú báńdéèjì, ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó sì rí àwòrán kan tí dókítà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ẹ̀rín pa á kó tó lè fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bínú o, sà. Ta ló ya èyí?"

"Èmi ni."

"Kí ni?"

"Ẹ̀dọ̀ ni."

"Há! Mo pè é ní sílípáàsì ni."

Ọkùnrin tí inú rẹ̀ bá kéré ì bá gbé fáìlì rẹ̀ kó máa lọ. Eléyìí tẹjú mọ́ àwòrán náà fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ. Sílípáàsì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yà á kó di ẹ̀dọ̀."

Lọ́jọ́ kẹta ó padà wá pẹ̀lú abọ́ onídèérí kan. Nígbà tí Rọ̀kíbátù ṣí i, inú ẹran ewúrẹ́ ló bá níbẹ̀, tútù, tó wá tààrà láti ọ̀dọ̀ alápatà. Àwọn obìnrin mìíràn gba òdòdó, àwọn kan gba lọ́fínńdà. Ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni tirẹ̀ gbé wá. Ó tẹ́ tákàdá sórí tábìlì, ó ń fi ẹ̀yìn bírò tọ́ka: ibí yìí ni ẹ̀dọ̀, ibí yìí ni àpò òróòro, ọ̀nà tín-ín-rín tí òróòro ń gbà bọ́ sínú ìfun nìyí. Ó wá gbé ìfun sókè, ó fi ẹran rírọ̀ kan hàn án tó sùn gbọọrọ sẹ́yìn àpòlúkù.

"Páńkíríásì nìyí. Òun ló ń bá wa da oúnjẹ, òun náà ló ń bójú tó ṣúgà ara. Ibi ìkọ̀kọ̀ ló ń gbé. Bí àìsàn bá wọ̀ ọ́, ó máa ń pẹ́ kéèyàn tó mọ̀."

"Kí là ń pè é lédè wa?"

"Mo bi màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní látọjọ́ táwọn ti ń pa ẹran, ọ̀rá làwọn ń pè é."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ tó ń lọ láti ìdí máṣíìnì kan sí èkejì wo àwọn méjèèjì, ó sì kọjá lọ.

Iṣẹ́ ìwé náà tó yẹ kó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gba oṣù mẹ́rin. Ẹ má ṣe di ẹ̀bi náà ru àwọn olóṣèlú nìkan. Bí Rọ̀kíbátù bá ya iṣan kan tán, dókítà á ní ó kù díẹ̀ káàtó. Bí ó bá tún un yà, á ní òun fẹ́ padà wá wò ó lọ́la. Òun náà á sì ní kó padà wá. Àgbàlagbà kì í wá nǹkan tí kò sọnù, àfi bó bá mọ ohun tó ń wá.

Ìwádìí ló gba ọkàn ọkùnrin náà jù. Ó ní rẹ́jísítà kan tí ó ti ń kọ láti ọdún mẹ́sàn-án: gbogbo ẹni tó wá sí ọsibítù wọn pẹ̀lú kókó nínú ẹ̀dọ̀ tàbí páńkíríásì, ọjọ́ tí wọ́n wá, ohun tí wọ́n ti mu nílé kí wọ́n tó wá, ẹni tí wọ́n là, ẹni tí wọn kò lè là mọ́ torí pé ó pẹ́ jù. Àwọn tó bá ti lọ sílé, ó máa ń wá wọn kiri ní ọjọ́ Sátidé láti mọ bí ara wọn ṣe rí. Àdírẹ́sì àwọn mìíràn kò ju "ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, Ládì-Lak" lọ. Rọ̀kíbátù tí wọ́n bí sí Bàrígà tí wọ́n sì tọ́ síbẹ̀ ló di amọ̀nà rẹ̀.

Ní Sátidé kan, ilé méjì ni wọ́n dé. Ní èkínní, kápẹ́ńtà kan tí wọ́n ti là ní ọdún méjì ṣáájú fò sókè láti ìdí pákó, ó dì mọ́ dókítà, ó sì ń pariwo kí gbogbo ilé wá wo ẹni tó fi ọwọ́ kan inú òun. Ní èkejì, opó kan ló jáde. Ó ní ọkọ òun ti kú ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Dókítà bá a jókòó títí, ó bi í léèrè bí ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn náà ṣe rí, ó sì kí i kú àṣẹ̀yìndè. Nígbà tí wọ́n jáde, ó dúró lẹ́bàá gọ́tà, ó ṣí rẹ́jísítà.

"Kí lẹ ń kọ?" ni Rọ̀kíbátù bi í.

"Ọjọ́ tí wọ́n kú."

"Kí ni yóò ṣe fún wọn mọ́?"

"Fún àwọn kọ́. Fún ẹni tí yóò wá lẹ́yìn wọn ni. Bí mi ò bá kọ ọ́, àwọn tí mò ń kọ́ á rò pé gbogbo èèyàn ló yè. Wọn ò ní mọ ibi tá a ti kùnà." Ó pa ìwé náà dé. "Èmi náà á gbàgbé."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti ráyè wọlé sí Rọ̀kíbátù lára. Ó ti mọ ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ dídùn, ó ti mọ ọkùnrin tó ń náwó. Kò tíì rí èyí tó ń kọ àṣìṣe ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ láti kà. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà á torí ó mọ ìyá tó bí òun.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ sójà, tí gbogbo ìlú sinmi, wọ́n jókòó nítòsí géètì yunifásítì ní Akọka, wọ́n ń jẹ bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà. Rédíò ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn wọn. Dókítà ti bó ẹ̀pà títí ó fi kún ọwọ́ rẹ̀, kò sì jẹ ẹyọ kan.

"Rọ̀kíbátù, ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni mí. Iṣẹ́ yìí ni mo bá gbé látọjọ́ yìí wá, mi ò sì lè purọ́ fún ẹ pé màá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí n bá ti ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́, ìwọ ni mo máa ń fẹ́ ròyìn fún. Bí èyí ò bá tó láti fi fẹ́ ìyàwó, sọ fún mi."

"Ṣé bí ẹ ṣe máa ń tọrọ ìyàwó nìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́?"

"Mi ò tọrọ ìyàwó rí."

Rọ̀kíbátù kó ẹ̀pà náà kúrò ní ọwọ́ rẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán. "Ó tó," ló wí.

Ó tó lójú tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó lójú Alhaja Serifat. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá náà, ó ti lọ sí Mẹ́kà, inú mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ìjọ Bàtíìsì sì ni dókítà, bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wọn.

"Ṣé kò sí mùsùlùmí mọ́ ní gbogbo Èkó?" ni Alhaja bi ọmọ rẹ̀. "Àbí wọn ò ní ẹ̀dọ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n dókítà, Tabitha, ló wá ṣe alárinà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ wà ní Ọbaníkòró, sùúrù rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ kànga lọ. Ó wá lẹ́ẹ̀kínní, Alhaja gbé omi fún un, kò gbé oúnjẹ. Ó wá lẹ́ẹ̀kejì, ó bá oúnjẹ, kò bá ìdáhùn. Ìgbà kẹta, ó mú àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Alhaja wo dókítà látòkè délẹ̀.

"Bí ọmọ mi bá dé ilé yín, ṣé ẹ ó jẹ́ kó máa kírun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. N ó máa pọn omi àlùwàlá fún un."

"Gbogbo ọkùnrin ló ń pọn omi kí wọ́n tó fẹ́ni."

"Ẹ jẹ́ kí tiwọn jẹ́ tiwọn, mà. Ẹ máa wá wò ó."

Tabitha yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti fi ẹ̀rín pamọ́. Alhaja kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n bu ẹran kún oúnjẹ dókítà. Kó tó di ìparí ọdún, wọ́n ti fi Sátidé kan ní oṣù kẹta ọdún 2000 sí ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ọjọ́ tí ẹbí ọkọ yóò wá dọ̀bálẹ̀ fún ẹbí ìyàwó. Àwọn ará Ìjẹ̀bú ti gbọ́, Rọ̀kíbátù ti ka ọjọ́ tó kù títí ó fi di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀sẹ̀ méjì náà ló kù tí Tabitha fi wá, òun nìkan, láì jókòó dáadáa sórí àga.

"Alhaji, Alhaja, ẹ má bínú sí mi. Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ọmọ́wálé ní ká jọ̀ọ́, ká fún òun ní oṣù mẹ́ta sí i."

Alhaja dìde. "Oṣù mẹ́ta! Ṣé iṣu ló gbìn tó fẹ́ kó ta ni? Kí ló ní ó fà á?"

"Kò sọ fún mi, mà. Mo bi í, mo tún un bi. Ó kàn ní òun ń bẹ̀ yín ni."

"Ẹni tó bá fẹ́ sá kì í sọ pé òun ń sá. Mo mọ̀! Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀!" Inú bí i débi tí ó fi bọ́ sínú ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú, tí Tabitha kò sì gbọ́ ìdajì rẹ̀ mọ́. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Alhaji, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?"

Alhaji fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ sójú. "Oṣù mẹ́ta ò pọ̀," ló sọ, ó sì wọ yàrá lọ.

Rọ̀kíbátù kò sunkún lójú wọn. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò tàn. Àárín ọ̀sẹ̀ náà ni lẹ́tà dé: "Gbà mí gbọ́. Mi ò yí ọkàn padà. Àṣírí ẹlòmíràn ni kò jẹ́ kí n lè sọ ìdí rẹ̀." Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó sì ṣe ń kà á ni ó ń burú sí i. Ẹlòmíràn wo? Ó rántí Dọlápọ̀, dókítà obìnrin tí Ọmọ́wálé kì í yé yìn, tó ní ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ ju tòun lọ, tó ní bí òun bá kú lónìí, obìnrin náà ni yóò máa bá iṣẹ́ òun lọ. Wọ́n jọ ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Kí ni ọmọ atẹ̀wé fẹ́ fi díje níbẹ̀? Owú ń jẹ ẹ́, ojú sì ń tì í pé owú ń jẹ ẹ́. Bí ó ti wù kó rí, ó kó gbogbo àwòrán tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sínú fáìlì, ó pinnu pé òun ó lọ dá a padà fún un lójú kojú. Ó fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kò fẹ́ òun mọ́.

Ọjọ́ Túsìdeé ni dókítà ń rí àwọn aláìsàn tó ń wá láti ilé. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà níwájú yàrá rẹ̀, àwọn ènìyàn tò sórí rẹ̀, káàdì ọsibítù lọ́wọ́ kálukú. Rọ̀kíbátù ń wá ibi tí òun yóò dúró sí nígbà tí ó rí fìlà kan tó mọ̀. Ó sún mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀, káàdì lórí orúnkún.

"Bàbá mi? Kí lẹ wá ṣe níbí?"

Alhaji gbójú sókè. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé bọ́ sí i lójú gan-an, ọmọ rẹ̀ sì rí ohun tí fìlà àti òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù ti ń bá a bò mọ́lẹ̀. Ẹyin ojú rẹ̀ ti pọ́n bí omi àṣáró. Rọ̀kíbátù, tí ó ti to ojú ìwé ẹ̀dọ̀ láti orí dé ìparí, kò nílò kí ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Má pariwo," ni bàbá rẹ̀ wí. "Mo rò pé ibà pọ́njú lásán ni. Mo mu àgbo, kò lọ. Ni mo bá wá bá a ní bòókẹ́lẹ́. Èmi ni mo ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí ọjọ́ yín kọjá ná, kí ẹkún má wọ inú ayọ̀. Mi ò mọ̀ pé òun ni yóò sún ọjọ́ náà síwájú."

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà fúnra rẹ̀ ló dúró síbẹ̀. Ó rí àwọn méjèèjì, èjìká rẹ̀ sì wálẹ̀. Ó ní kí wọ́n wọlé. Obìnrin kúkúrú kan tó wọ awò wà nínú yàrá náà, ó fẹ́ jáde, dókítà ní kó dúró. Dọlápọ̀ nìyẹn.

"Alhaji, ṣé kí n sọ ọ́?"

"Ó ti rí i. Ẹ sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ láì fi ohun kan pamọ́. Kókó kan ti hù sí orí páńkíríásì, ó fún ọ̀nà òróòro pa, ìdí nìyẹn tí ojú fi pọ́n. Ó kéré síbẹ̀. Iṣẹ́ abẹ kan wà tó lè yọ ọ́, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wákàtí. Nínú ènìyàn mẹ́tàlélọ́gọ́rin tó wà nínú rẹ́jísítà òun, mọ́kàndínlógún péré ló tètè wá tó báyìí.

"Kí wá ló kan ọjọ́ ìtọrọ?" ni Rọ̀kíbátù bi í. Ohùn rẹ̀ le ju bó ṣe fẹ́ lọ.

"Ìlànà iṣẹ́ wa ni pé oníṣẹ́ abẹ kì í la ẹbí rẹ̀. Ìfẹ́ máa ń kó sí ọwọ́, ọwọ́ á máa fà sẹ́yìn níbi tó yẹ kó gé. Bí mo bá ti dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní Sátidé, bàbá mi ni wọ́n dà, mi ò lè mú ọ̀bẹ mọ́. Mo rò pé bí mo bá ṣì jẹ́ àlejò fún oṣù mẹ́ta, n ó là wọ́n, wọ́n á sàn, n ó sì wá dọ̀bálẹ̀."

Rọ̀kíbátù wo ọkùnrin tí òun ti fi ọ̀sẹ̀ kan bú nínú ọkàn. Ó fẹ́ sunkún, ó sì fẹ́ gbá a létí. Ọlọ́gbọ́n tó mọ gbogbo ohun tó wà nínú ikùn ènìyàn, tó rò pé ìdọ̀bálẹ̀ ni ìfẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀!

"Ẹ na ọwọ́ yín," ló wí.

"Kí lo wí?"

"Ẹ nà án síwájú, kí n rí i."

Ó nà án. Ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, kò pọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló rí i.

"Ẹ ò tíì dọ̀bálẹ̀, àna yín ni wọ́n. Ẹ ti di ẹbí látọjọ́ tí wọ́n ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn." Ó yíjú sí Dọlápọ̀. "Dókítà, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ mọ iṣẹ́ yìí?"

Dọlápọ̀ wo ọ̀gá rẹ̀ kó tó dáhùn. "Mo ti ṣe é lẹ́ẹ̀meje, mà. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dúró tì mí."

"Mi ò tíì fi í sílẹ̀ dá ṣe é rí," ni Ọmọ́wálé sọ.

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ fi í sílẹ̀?"

Alhaji ló dáhùn, ó ti bọ́ fìlà, ó ń fi í fẹ́ ara rẹ̀ bí ẹni tó wà nílé.

"Dókítà, mo ti tọ́ ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlá. Nígbà tó bá tó kí n ṣe fíríídọ̀mù fún wọn, kí n gbàdúrà fún wọn kí wọ́n máa lọ dá dúró, gbogbo ìgbà ni mo máa ń rí nǹkan kan tí wọn ò tíì mọ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ẹ ní ọmọbìnrin yìí mọ iṣẹ́. Ṣé òótọ́ lẹ sọ, àbí ìwé lásán lẹ kọ́ ọ?"

"Òótọ́ ni, sà."

"Bó bá jẹ́ bàbá tó bí yín gan-an ló jókòó síbí, ta lẹ ó gbé e fún?"

Ọmọ́wálé kọ́kọ́ bojú wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo Dọlápọ̀, ó wò ó bí ẹni tó ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́. "Òun ni."

"Ó tán. Èmi ni n ó ṣe fíríídọ̀mù rẹ̀. Ẹ máa bọ̀ ní Sátidé, kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀. Mi ò fẹ́ wọ tíátà láì ní àna."

Wọ́n dọ̀bálẹ̀ ní Sátidé náà, nínú pálọ̀ Alhaji ní Bàrígà. Ènìyàn kò pọ̀, ariwo kò sí. Alhaja, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, tó ti sunkún títí ojú fi wú, kò tíì gbà tán. "Ọmọ kékeré yẹn ni yóò la ọkọ mi? Tí ọ̀gá rẹ̀ á wà lóde máa ka àjà?" ló ń sọ lọ́wọ́ kan, tó ń pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ kejì. Nígbà tí Ọmọ́wálé na gbọọrọ sórí ẹní, Alhaji kò tètè ní kó dìde. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà gígùn, gbogbo wọn ṣe àmín, Tabitha tilẹ̀ ṣe tirẹ̀ kíkan ju ti àwọn onílé lọ.

"Dìde, Ọmọ́wálé," ni Alhaji sọ. Kò pè é ní Dókítà mọ́. "Látòní lọ, o ò gbọdọ̀ mú ọ̀bẹ sún mọ́ mi. Àní bí ẹran bá wà nínú abọ́ mi, ẹlòmíràn ni kó bá mi gé e."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n gbé Alhaji wọ tíátà, ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ọmọ́wálé wọ bùbá àti ṣòkòtò bí àwọn mìíràn, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì láàárín Rọ̀kíbátù àti Alhaja. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ń kọjá kúnlẹ̀ kí i, ojú sì ń rú wọn pé ibí ló wà. Alhaja ń ka tẹ̀súbà. Bí àkókò kan bá ti kọjá, á dáwọ́ dúró.

"Kí ni wọ́n ń ṣe báyìí?"

"Wọ́n ti ṣí i, mà. Wọ́n ń wò ó bóyá ó ti ràn."

Á tún ka tẹ̀súbà lọ. "Báyìí ńkọ́?"

"Wọ́n ń ya ìfun kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mà."

Ó lé díẹ̀ ní aago mọ́kànlá nígbà tí nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ìbòmú ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Sà, Dókítà Dọlápọ̀ ní kókó náà lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ju bí sikáànì ṣe fi hàn lọ. Wọ́n ní ṣé ẹ lè wọlé wá wò ó?"

Ọmọ́wálé ti dìde kí obìnrin náà tó sọ̀rọ̀ tán. Rọ̀kíbátù ló kọ́kọ́ dá àbá pé kó gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́, lójú gbogbo wọn. Nísinsìnyí, gbogbo ara rẹ̀ ló ń ké pé wọlé, wọlé, gba bàbá là fún mi. Ó di etí bẹ́ńṣì mú kí ọ̀rọ̀ náà má bàa bọ́. Bí bàbá òun bá kú sínú yàrá yẹn, báwo ni òun yóò ṣe wo ojú ọkọ òun? Báwo ni òun yóò ṣe wo ojú ara òun?

Ọwọ́ Ọmọ́wálé ti wà lára ilẹ̀kùn. Ó dúró síbẹ̀.

"Kí ni òun fúnra rẹ̀ fẹ́ ṣe?"

"Wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ di iṣan náà mú lókè àti nísàlẹ̀, kí wọ́n wá máa bó o láti ìsàlẹ̀ bọ̀."

Ó pa ojú dé díẹ̀. "Sọ fún un pé bí èmi náà yóò ṣe ṣe é nìyẹn. Kó máa ṣe é lọ. Sọ fún un pé kó má kánjú."

Nọ́ọ̀sì wọlé padà. Ọmọ́wálé jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì ń gbọ̀n lórí itan, ó ń gbọ̀n gidi báyìí. Alhaja wò ó. Ó gbé tẹ̀súbà sọ́wọ́ òsì, ó mú ọwọ́ rẹ̀ kan, ó fi ìborùn rẹ̀ bò ó bí ẹni tó ń bo ọmọ tí òtútù mú. Kò bi í mọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Oòrùn ti yí sẹ́yìn ọsibítù nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Dọlápọ̀ ló jáde, awò rẹ̀ ti fi ojú àpá sí imú rẹ̀. Òfin ọsibítù ni pé dókítà tó bá jáde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè ẹbí aláìsàn kó tó sọ nǹkan kan, kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ó wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo ọ̀gá rẹ̀, kò mọ èwo ni kó ṣe. Ó wá dúró ṣinṣin.

"Ta ni ẹbí Alhaji Ògúntádé?"

Ọmọ́wálé dìde. "Èmi ni," ló wí. "Ọmọ wọn ni mí."

Rọ̀kíbátù dìde tì í, Alhaja náà dìde. Dọlápọ̀ ní kí wọ́n jókòó. Ó lóṣòó síwájú wọn kí ojú rẹ̀ lè bá tiwọn dọ́gba, ó sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé Alhaji wà láàyè, pé ó ń mí dáadáa, pé kókó náà ti jáde tán. Alhaja ké "Alhamudulilahi" tí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni dókítà kékeré náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí wọ́n yọ, bí wọ́n ṣe so ìfun padà, àti ohun tí wọ́n yóò máa ṣọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní èdè tó yé ìyá arúgbó. Omijé ń bọ́ sí àyà bùbá Ọmọ́wálé, ó ń mi orí sí gbogbo rẹ̀, ó sì ń gbọ́ ọ bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí.